Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Gíwá ilé ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: Ẹ jẹ́ ká mọ ara wa kí owó ìwádìí tó dé

Ẹ̀yin Gíwá wa, ẹ̀yin Akọ̀wé Àgbà, àti ẹ̀yin tí wọ́n fi ẹ̀ka ìwádìí sí ìkáwọ́ yín ní àwọn fásitì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Olùkọ́ fásitì ni mí, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹ̀gẹ́ àti gàrí sì ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí. Mẹ́mò mẹ́rin ni mo ti kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín ọdún méjì. Wọ́n gba gbogbo wọn, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì parí síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá sí gbangba. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí ohun tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀, torí àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn láyìíká wa ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Jámánì ka iṣẹ́ tí èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ lórí omi ẹ̀gẹ́, ó sì fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ń kó ẹgbẹ́ jọ láti béèrè owó Horizon Europe, ètò ìwádìí Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 tí yóò sì parí ní 2027. Wọ́n ti rí onímọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n ti rí onímọ̀ kẹ́míkà. Ohun tí wọn ò ní ni ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ gan-an, àti ẹni tó mọ àwọn tó ń fún un. Oṣù mẹ́ta la fi jọ sọ̀rọ̀. A pín iṣẹ́, a ṣírò owó, mo lọ bá àwọn ìyá alágàrí, wọ́n gbà. Ó wá ku nǹkan kan ṣoṣo: nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ wa, èyí tó jẹ́ òǹkà mẹ́sàn-án tí Yúróòpù fi ń dá ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ bá wọn ṣe mọ̀. PIC ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni tí ilé ẹ̀kọ́ bá fún láṣẹ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un.

Ọ́fíìsì mẹ́ta ni mo béèrè nọ́ńbà yìí dé. Ọ́fíìsì kìíní ní kí n lọ sí ìkejì, ìkejì ní kí n kọ mẹ́mò, ìkẹta ní mẹ́mò náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò kọjá. Èmi ò sì lè fi orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fúnra mi láìgba àṣẹ. Ọjọ́ mọ́kànlá lọ báyẹn. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn máa tì, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Brussels ni gbèdéke. Oṣù Kẹsàn-án la wà, nítorí náà aago mẹ́rin ni lọ́dọ̀ wa. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì ọ̀gá. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo sì ń wo fáìlì mi láti ibi tí mo jókòó sí: fáìlì aláwọ̀ ewé, mo ti fi bírò pupa kọ KÍÁKÍÁ sí etí rẹ̀. Fáìlì mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀. Mo kà wọ́n. Akọ̀wé ọ̀gá, ọmọ jẹ́jẹ́ kan, ní, "Ẹ má bínú mà, ọ̀gá ti lọ sí Abẹ́òkúta fún mítíìn, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí tábìlì wọn." Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi láti Jámánì. Wọ́n ti mú ilé ẹ̀kọ́ kan ní Gánà dípò wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà bẹ̀ mí kí n má bínú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n to àpò ẹ̀gẹ́ lé ara wọn, wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi funfun bí omi ọṣẹ sì ń ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀, ó gba inú kòtò tóóró kan tí wọ́n fi ọkọ́ gbẹ́ bọ́ sínú odò. Koríko ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kòtò náà ti gbẹ wá sí pupa. Májèlé sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ ni omi yẹn ń kó jáde: gàrí ń dára, odò ń bàjẹ́. Ewúrẹ́ méjì, wọ́n ní, ló ti mu ún kú. Ìyá tó ni ibẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró, ó ní, "Dókítà, àwọn tí ẹ ní wọ́n máa bá wa wá ibi tí a ó da omi yìí sí, ṣé wọn ò wá mọ́ ni?" Mo ní wọn ò wá mọ́, Ìyá. Ó ní, "Kí la ṣe fún wọn?"

N kò rí èsì fún un. Ẹ̀yin ni mo wá gbé ìbéèrè náà wá bá.

1. A ò mọ ara wa. Ẹ wo ilẹ̀ wa. Fásitì ìpínlẹ̀ ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti 1982. Babcock ti wà ní Ìlíṣàn láti 1999, ọ̀kan lára fásitì aládàáni mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni. Fásitì Tai Solarin ti wà ní Ìjagun láti 2005, ìjọba àpapọ̀ sì gbà á ní 2025. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn wà ní Ṣágámù, pólì wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IAR&T wà ní Ìkẹ́nnẹ́, ibẹ̀ náà sì ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, ti ń dán irúgbìn àgbàdo wò. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù, tí ọ̀nà bá gbà á, á dé gbogbo ibi tí mo kà sílẹ̀ yìí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Síbẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé ìgò omi ẹ̀gẹ́ sínú kúlà oníyìnyín lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìperu, èmi àti ọkùnrin kan jọ jókòó sídìí tábìlì kan, à ń jẹ ìkọ́kọrẹ́, ó bi mí léèrè iṣẹ́ mi. Mo sọ fún un. Ó ní ẹ̀rọ tí mò ń torí ẹ̀ lọ sí Ìbàdàn wà nínú yàrá ìwádìí òun, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kì í rí iṣẹ́ ṣe. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni láti ẹnu ọ̀nà mi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí wọn ò bá bímọ ní Ìperu lọ́sẹ̀ yẹn, ǹ bá ṣì máa gbé kúlà lọ sí Ìbàdàn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹni tó ni wá yàtọ̀ síra. Òótọ́ ni: ti ìpínlẹ̀ nìyí, ti ìjọba àpapọ̀ nìyí, ti ìjọ Adventist nìyí. Owó TETFund, tí òfin 2011 gbé kalẹ̀ láti inú owó orí àwọn ilé iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ló wà fún. Àwọn ará Babcock ní Ìlíṣàn ò sí nínú ìyẹn. Àmọ́ Yúróòpù kì í béèrè bóyá ìjọba tàbí ìjọ ló ni yín kí wọ́n tó bá yín ṣiṣẹ́, odò tí omi ẹ̀gẹ́ ń bàjẹ́ náà kì í sì í dúró ní ààlà Ìjẹ̀bú pẹ̀lú Rẹ́mọ.

Ohun tí mo ń béèrè lórí èyí kéré: ìwé kan ṣoṣo, tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ jọ ni, tó sọ ẹni tó wà níbi kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń wádìí, ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀, àti ẹni tí a lè pè. Kí a máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

2. Àwọn tó ń wá alájọṣe kì í rí wa. Ọ̀pọ̀ nínú owó ìwádìí ńlá ni ẹnì kan ò lè dá béèrè. Nínú iṣẹ́ àjọṣe Horizon Europe, ó kéré tán, ilé iṣẹ́ mẹ́ta láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú àwọn tó jẹ́ ọmọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tàbí tó so mọ́ ètò náà, ló gbọ́dọ̀ para pọ̀ kí àwọn bíi tiwa tó wọlé kún wọn. Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n máa ń fún lówó tààrà bí wọ́n bá ti wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹnì kan wà lọ́hùn-ún tó ń wá wa kiri.

Ta ló ń rí? Nígbà tí fásitì mẹ́rìndínlógún dá ARUA, ẹgbẹ́ àwọn fásitì tó ń ṣe ìwádìí ní Áfíríkà, sílẹ̀ ní Dakar ní 2015, Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀ ló ṣojú Nàìjíríà. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún un, mi ò jowú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ka ìmọ̀ kan níbí sínú Google kí ẹ wo ohun tó máa jáde: fọ́tò olórí ẹ̀ka tó ti fẹ̀yìn tì, àdírẹ́sì ímeèlì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ojú ewé ìwádìí tó ṣófo. Àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà ilé tí koríko ti bò á yà sí ilé kejì.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé torí pé a jìnnà sí Èkó ni. Ní February 2020, nígbà tí ará Ítálì tó kọ́kọ́ gbé kòrónà wọ orílẹ̀-èdè yìí dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ wa, ilé ìwádìí ACEGID ní fásitì Redeemer's ló ka àbùdá kòkòrò náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹdẹ ni wọ́n wà. Fásitì aládàáni ni wọ́n. Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá alájọṣe lọ́jọ́ yẹn. Ó kéré tán, láti ìgbà Ẹ̀bólà ní 2014 ni àwọn àti àwọn ará Harvard ti jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ti wà nílẹ̀, ìwé àdéhùn ti wà nílẹ̀, olúkúlùkù ti mọ nọ́ńbà fóònù ẹnìkejì rẹ̀.

3. Ìbuwọ́lùwé. Èyí ló dùn mí jù, mo sì ti sọ ìdí rẹ̀. Ẹ forúkọ ilé ẹ̀kọ́ yín sílẹ̀ ní gbogbo ibi tí àwọn olówó ìwádìí ti ń béèrè rẹ̀, kí ẹ sì kọ àwọn nọ́ńbà náà sí ojútáyé kí olùkọ́ kankan má tún kọ mẹ́mò nítorí rẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan tó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí lẹ́tà àtìlẹ́yìn, kí ẹ yan igbákejì rẹ̀, torí ọ̀gá á máa lọ sí Abẹ́òkúta, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Kí èsì jáde láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún. Bí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí a lè tètè sọ fún àwọn tó ń dúró dè wá.

4. Ìgbéga. Nínú ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbéga wa, iṣẹ́ tí ènìyàn márùn-ún bá jọ kọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ló ń rí máàkì gidi, àwọn yòókù ń he ẹ̀rún. Ọ̀dọ́ olùkọ́ tó fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n á wò ó pé àjọṣe ń fa òun sẹ́yìn, á sì lọ dá kọ tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe òfin yìí. Ẹ yí i padà.

5. Àwa olùkọ́ náà ní ẹ̀bi, n kò ní fi pa mọ́. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí a bá ń lọ sí Ojúde Ọba, kò sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń dúró di ọjọ́ náà kó tó mú aṣọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣèpàdé, wọ́n ti mọ ẹni tó máa gun ẹṣin, wọ́n ti mọ ẹni tó máa bá onílù sọ̀rọ̀, wọ́n ti mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n nígbà tí TETFund bá ké pe àwọn olùwádìí fún owó ìwádìí ti orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹgbẹ́ tó pa oríṣiríṣi ìmọ̀ pọ̀, òru méjì kí gbèdéke tó pé ni à ń pe ara wa lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi orúkọ yín kún un." Ẹ̀gbọ́n á ní ó dáa. Kò ka àbá náà, kò mọ ohun tí wọ́n kọ pé òun máa ṣe. Àwọn tó ń yẹ àbá wò kì í sì í ṣe ọmọdé.

Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka lẹ́tà yìí gbọ́ ọ. Kí ìpè tó jáde ni kí o ti lọ wo CORDIS, níbi tí Yúróòpù ń kọ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti fún lówó sí. Orúkọ ẹgbẹ́ àti ohun tí wọ́n ń ṣe wà níbẹ̀ kedere. Mú mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn sún mọ́ tìrẹ. Ka ohun tí wọ́n kọ. Lẹ́yìn náà ni kí o kọ̀wé sí wọn, ojú ewé kan péré: ohun tí mo mọ̀, ohun tí mo ní tí ẹ ò ní, ohun tí mo rò pé a lè jọ ṣe. Má kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ. Má sọ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ ni wàá ṣe, torí ẹni tó bá lè ṣe ohun gbogbo kò tíì sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ kékeré lọ̀ ọ́ nínú ẹgbẹ́ ńlá, gbà á, kí o sì ṣe é dé ojú àmì. Ibi ìṣe kékeré yẹn ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí wọ́n máa pè nígbà kejì.

Àjọṣe sì gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láǹfààní. A ti rí àwọn tó wá bu omi, tí wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀, tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn wa, tí a ò tún gbúròó wọn mọ́, àfi ìgbà tí iṣẹ́ náà jáde láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni níbí lára rẹ̀. Ìwé àdéhùn tó dáa ló ń dènà ìyẹn. Kí àwọn agbẹjọ́rò ilé ẹ̀kọ́ wa jọ kọ ọ̀kan sílẹ̀ tí gbogbo wa máa lò, tó sọ ẹni tó ni àbájáde, ibi tí àpẹẹrẹ omi tàbí ẹ̀jẹ̀ máa wà, àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa jáde. Bí irú rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, agbẹjọ́rò ò ní máa fi ọjọ́ mọ́kànlá wo fáìlì kan.

6. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ wa tí ilé ẹ̀kọ́ kan ò lè dá gbé. Erédò Ṣùngbọ́, odi oníkòtò àtijọ́, yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí ọgọ́jọ (160) kìlómítà, àwọn ibì kan wà tí láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí ògiri rẹ̀ tó ogún mítà. Patrick Darling, láti fásitì Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wọn ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 tí ayé fi gbọ́. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó ń dúró láti di ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dọ̀ UNESCO. Ìwé ìdúró náà ló ṣì wà. Sukur ní Adamawa wọlé ní 1999, igbó Ọ̀ṣun wọlé ní 2005, Erédò ń dúró, àgbẹ̀ ń ro ó, káfíńtà ń gé igi orí rẹ̀. Onítàn nìkan ò lè gbà á là, bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ ilẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Òkè-Ẹ̀rí nìkan tí wọ́n ń tọ́jú ibojì Bilikisu Ṣùngbọ́, obìnrin tí ìtàn ní òun ló ni odi náà. Igbó Ọmọ ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn ńkọ́? Láti 1977 ni UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó àrà ọ̀tọ̀ ayé, erin ṣì ń bẹ nínú rẹ̀. Mélòó nínú àbá ìwádìí tó ti jáde lórí igbó yẹn ló ti ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ méjì tiwa jáde pọ̀? N kò tíì rí ọ̀kan.

7. Owó. Àwọn bọ́sà wa á ní kò sówó láti gba òṣìṣẹ́ kún ẹ̀ka ìwádìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún wọn: lórí owó tí ilé ẹ̀kọ́ bá ná tààrà sórí iṣẹ́ Horizon Europe, wọ́n máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ lé e fún iná, ọ́fíìsì àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó o. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá bọ́ sí i á san owó oṣù ẹni náà. Kí ìyẹn tó dé, ilé ń rànwọ́: Awùjalẹ̀ tó wàjà ní 2025, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, gbé àga ọ̀jọ̀gbọ́n kalẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè lórí ọ̀rọ̀ ìṣàkóso. Ẹ lọ bá àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹ lọ bá ààfin Akárígbò, ẹ béèrè owó kékeré tí olùkọ́ méjì láti ilé ẹ̀kọ́ méjì á fi jọ ṣe ìdánwò àkọ́kọ́. Àwọn olówó ńlá á fẹ́ rí i pé a ti jọ ṣe nǹkan rí.

Ẹ̀yin Gíwá wa, oṣù mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín. Kí ó tó pé, kí nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ti wà ní gbangba, kí a ti mọ orúkọ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé àti ti igbákejì rẹ̀. Kí a sì ti ṣe ìpàdé kìíní, ọjọ́ kan péré, ní ibi tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, yálà Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, tí olùkọ́ láti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ á dìde sọ ohun tó ń ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Èmi àti ọkùnrin tí a jọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ ní Ìperu ti gbà láti kó orúkọ jọ láìgba kọ́bọ̀. Ìyá tó ni ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí náà ní òun á wá bí ẹ bá pe òun, òun á sì gbé omi náà dání sínú ìgò kí ẹ fojú ara yín rí i. Ó kàn ní kí ẹ má fi sí ọjọ́ ọjà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ kan tó ń wádìí ẹ̀gẹ́,
Ìjẹ̀bú-Òde.